Ọjọ́ Tí Iná Orí Páìpù Kò Jó

Òrùka fàdákà tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ òkú náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Sájẹ́ǹtì gbé e sórí tábìlì mi nínú ọ̀rá, ó fa àga, ó sì jókòó bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ ni, irun rẹ̀ ti ń hewú, kì í sì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀.

"Májèlé ni, Mà," ó ní. "Fàdákà kì í purọ́, májèlé ló ń sọ ọ́ di dúdú. Àbúrò olóògbé ló po tíì fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣọ̀tá. A ti mú un. Ó wà ní àtìmọ́lé."

"Ta ni olóògbé?"

"Bàbá kan tó ń ṣe búrẹ́dì, ní àdúgbò ilé-iṣẹ́ awọ àtijọ́."

Gègé tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sílẹ̀. Kí n tó di ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbéèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá yìí, ọmọ aránṣọ ni mí ní àdúgbò yẹn, ilé wa ò sì jìnnà sí ti Bàbá Oníbúrẹ́dì. A ò ní aago nílé. Bí òórùn búrẹ́dì bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, ìyá mi á ní, "Ẹ dìde, Bàbá ti ṣí àárò." Èyí tó bá jóná létí, tí kò ṣeé tà mọ́, àwa ọmọdé ló máa ń bù ú fún, á wá dijú mọ́rí bí ẹni ń bínú: "Ẹ̀yin jẹgúdújẹrá, ẹ gbà, kí ẹ má baà jẹ ilẹ̀kùn mi."

"Níbo ni wọ́n ti bá a?" mo bi Sájẹ́ǹtì.

"Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, lábẹ́ ilé búrẹ́dì. Ó dojú bolẹ̀, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Tíì ńkọ́?"

"Kò mu ún tán. Dókítà yẹ èyí tó ṣẹ́ kù wò, ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi májèlé ló wà láyé, Mà."

"Oríṣiríṣi irọ́ náà wà láyé, Sájẹ́ǹtì. Dìde, jẹ́ ká lọ."

*

Wọ́n ti da ọ̀dà sí ibi tí à ń fo okùn nígbà èwe wa. Ilé-iṣẹ́ awọ ti wó lọ. Àwọn àgbá ńláńlá funfun ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n rí rìbìtì bí igbá tí wọ́n dà bolẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ ẹran láti ilé ìpẹran lọ. Wọ́n á dé e mọ́nú àgbá, á jẹrà, gáàsì á sì ti ara rẹ̀ jáde. Gáàsì yẹn ló ń yí ẹ́ńjìnnì tó ń fún àdúgbò ní iná mànàmáná, òun náà ni wọ́n fi páìpù fà dé ilé búrẹ́dì. Lẹ́yìn àwọn àgbá náà ni páìpù gíga kan nà sókè sí, iná sì ń jó fòfò ní ẹnu rẹ̀.

Ọmọbìnrin olóògbé ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Òun nìkan ni Bàbá bí.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Bàbá máa ń dárúkọ yín. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó jẹ búrẹ́dì jíjóná tó yín rí."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Omi ló kọ́kọ́ lé ró sí mi lójú.

"Kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá rẹ àti àbúrò wọn?"

"Igi ni. Bàbá Kékeré ló ń gé igi wá fún àárò wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí Bàbá wá gba gáàsì, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Wọ́n dúró síta gbangba, wọ́n pariwo, 'Gáàsì yẹn ló máa pa yín!' Kò sẹ́ni tí kò gbọ́."

Sájẹ́ǹtì wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni pé kí n wá gbóríyìn fún òun.

"Kí ló dé tí Bàbá fi fi igi sílẹ̀?" mo bi í.

Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Dókítà ló sọ fún Bàbá pé èéfín ti ba àyà Bàbá Kékeré jẹ́. Bí wọ́n bá ń bá a lọ nídìí igi àti àárò, wọn ò ní pẹ́ láyé. Bàbá mọ̀ pé ojú àárò yìí ni Bàbá Kékeré máa ń wà tọ̀sán-tòru, wọn ò sì ní gbọ́ bí a bá ní kí wọ́n má wá mọ́. Bàbá ní, 'Jẹ́ kó bínú sí mi. Kó sáà ti wà láàyè.' Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo gba tọ́ọ̀ṣì, èmi àti Sájẹ́ǹtì sì sọ̀kalẹ̀ lọ sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ní wàhálà. Lórí pẹpẹ ni àwọn abọ́ bàbà tí Bàbá fi ń po nǹkan nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tò sí. Mo rántí wọn. Wọ́n máa ń pọ́n yòò, a máa ń wo ojú ara wa nínú wọn, a ó wá fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ojú wa lè wú. Wọ́n ti dúdú báyìí, gbogbo wọn.

"Bàbá kì í jẹ́ kí wọ́n rí báyẹn," ọmọbìnrin náà sọ láti orí àtẹ̀gùn. "Bó bá ti di ọjọ́ ìsinmi, tí àárò kò bá jó, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ nù wọ́n. Ohun tí wọ́n lọ ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn."

"Sájẹ́ǹtì," mo ní, "májèlé inú tíì ló sọ òrùka di dúdú, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣé àwọn abọ́ yìí náà mu tíì ni?"

Ó mú abọ́ kan, ó fi èékánná ha á.

"Ṣé ìwọ àti Bàbá bá ara yín sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n wà níhìn-ín?" mo bi ọmọbìnrin náà.

"Òórùn òbu ẹyin kan ṣàdédé gba ilé. Mo pè wọ́n láti òkè, mo ní, 'Bàbá, òórùn yìí pọ̀ o!' Wọ́n ní, 'Ó ti lọ. Mi ò gbọ́ ọ mọ́.' Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn."

Òórùn wà lókè, kò wá sí nísàlẹ̀. Mo fi ìyẹn sínú.

Nígbà tí mo fẹ́ gòkè, ẹsẹ̀ mi kọ ọmọrí irin kan nílẹ̀, mo sì dúró. Gọ́tà tí ilé-iṣẹ́ awọ fi ń da omi lọ sódò ló gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá. Nígbà èwe wa, a máa ń lọ dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu gọ́tà náà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ awọ, a ó pariwo sínú rẹ̀, "Ta ló wà níbẹ̀?" Ohùn ńlá kan á dáhùn láti abẹ́ ilẹ̀: "Ta ló ń pè mí?" A ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bàtà á máa já sílẹ̀. Mo ti di ọmọge kí n tó mọ̀ pé Bàbá Oníbúrẹ́dì ni, tó gbé ọmọrí irin yìí sókè, tó ń fi wá ṣeré.

*

Onígi ni gbogbo ayé ń pe àbúrò olóògbé. Ó jókòó sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó kẹ́yìn sí wa.

"Ìwọ ọmọ aránṣọ," ó ní nígbà tó gbọ́ ohùn mi. "Ìwọ lo wá di ẹni tó ń ti àgbà mọ́lé?"

"Bàbá, kì í ṣe èmi ni mo tì yín mọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wá ṣe lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín lọ́jọ́ náà?"

"Mo lọ bẹ̀ wọ́n ni. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé ara mi kí n má baà rí wọn." Ó fọwọ́ nu imú. "Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀rọ̀ ò wá sí mi lẹ́nu. Mo sáà po tíì. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní, 'O ṣì ń da ṣúgà sí i bí ẹni fẹ́ pa èèyàn.' A rẹ́rìn-ín. Mo bá lọ."

"Ẹ gbọ́, Mà!" Sájẹ́ǹtì ké. "Olóògbé fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó fẹ́ pa èèyàn!"

"Sájẹ́ǹtì, àwàdà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nìyẹn. Jókòó."

Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú Onígi, mo sì sọ ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún mi nípa dókítà, àyà rẹ̀ àti gáàsì. Ó ní, "Wọn ì bá ti sọ fún mi."

"Ẹ̀yin ì bá gbọ́?"

"Mi ò ní gbọ́." Ó bú sẹ́kún. "Wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n mọ̀ mí jù."

Mo jẹ́ kó sunkún tán.

"Bàbá, ẹ ronú dáadáa. Nígbà tí ẹ ń kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí lẹ rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan. Mo kàn gbójú sókè láti ṣépè fún iná orí páìpù ilé-iṣẹ́ yẹn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Iná yẹn ò kú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti tàn án. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbójú sókè, mi ò rí ohun tí mo máa ṣépè fún."

*

Ẹnjiníà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gáàsì fi ọ̀yàyà gbà wá. Bàtà rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ náà ń dán.

"Mádáàmù, a bá yín kẹ́dùn. Àmọ́ gáàsì wa kọ́." Ó bá wa dé ilé búrẹ́dì fúnra rẹ̀, ó fi omi ọṣẹ pa ara páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ibì kankan tó hó láti fi hàn pé ó ń jò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tì í wà ní títì pa.

"Tó bá tiẹ̀ jò," ó ní, "kò lè rùn bí òbu ẹyin tí ẹ ń wí yẹn. Inú àgbá kan tó kún fún ìpẹtà irin ni à ń kọ́kọ́ gba gáàsì kọjá kó tó jáde lọ́dọ̀ wa. Ìpẹtà yẹn ló ń fa òórùn òbu kúrò lára rẹ̀."

"Èyí tí kò bá tíì gba inú ìpẹtà kọjá ńkọ́?"

"Ìyẹn ò ṣeé sún mọ́. Ṣùgbọ́n kì í kúrò nínú ọgbà wa."

"Iná orí páìpù yẹn, iṣẹ́ kí ló ń ṣe?"

"Gáàsì tí ẹ́ńjìnnì ò bá lè lò tán ni à ń sun níbẹ̀." Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà. "Bí a bá tú u sáfẹ́fẹ́ láìsun ún, aburú tó máa ṣe fún ojú ọjọ́ á ju ti èéfín lọ lọ́nà tó pọ̀. A ò lè dán irú ẹ̀ wò."

"Ṣé ẹ máa ń pa á nígbà míì?"

"Rárá o. Kò kú rí."

Ó dáhùn kíákíá, kò sì wo òkè. Mo dúpẹ́, mo sì jáde.

Lójú pópó, ìyá alágbàfọ̀ tó ti ń fọṣọ fún àdúgbò láti ìgbà èwe mi ṣì jókòó sídìí ọpọ́n rẹ̀. Ó gbá mi mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ tútù, aṣọ mi rin gbindin.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iná orí páìpù yẹn, ẹ rí i kó kú rí?"

"Bí kò ṣe ní kú? Òun ni mo fi ń mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kí n tó sá aṣọ. Lọ́jọ́ tí Bàbá Oníbúrẹ́dì kú, wọ́n pa á. Mo sá aṣọ síbi tí kò yẹ, eruku bo gbogbo ẹ̀. Ó dà bíi pé nítorí àwọn àlejò ni."

"Àwọn àlejò wo?"

"Àwọn ẹlẹ́wù funfun tó wá yẹ ilé-iṣẹ́ gáàsì wò, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kiri, tí wọ́n ń wọn èéfín. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la láti parí iṣẹ́ wọn."

*

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, a ti wà lójú pópó. Mo gbójú sókè. Iná ò sí ní ẹnu páìpù.

"Sájẹ́ǹtì, sáré! Ilé búrẹ́dì!"

A ní kí ọmọbìnrin náà jáde síta, a sì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yàrá abẹ́ ilẹ̀. Òórùn òbu ẹyin kọlù wá bí ẹni gbá wa létí. Mo fi gèlè bo imú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sórí ọmọrí irin náà, mo rí i tí eruku etí rẹ̀ ń fò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ń mí lábẹ́ rẹ̀.

"Áà, ó ti lọ," Sájẹ́ǹtì wí lẹ́yìn mi. Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò gbóòórùn mọ́. Òórùn yìí ti fẹ́ mú mi bì, ẹ jẹ́ kí n fa sìgá kan kí ara mi balẹ̀."

Mo gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá ìṣáná nínú àpò.

Èmi náà ò gbóòórùn mọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Bàbá dún sí mi létí.

Mo fi gbogbo agbára mi gbá a lọ́wọ́, ìṣáná fò lọ. Mo dì í mú níbi kọ́là, mo sì wọ́ ọ gòkè, pẹ̀lú gbogbo sísanra rẹ̀. A ṣubú sójú pópó. Orí mi ń fọ́, Sájẹ́ǹtì ń bì.

"Mà, kí ló dé?"

"Òórùn náà ò lọ," mo ní, mo ń mí gúlegúle. "Imú wa ló kú. Gáàsì tí wọn ò tíì fi ìpẹtà wẹ̀ yẹn, bó bá ti pọ̀ jù, á pa imú èèyàn kó tó pa èèyàn. Nígbà tí Bàbá sọ pé òun ò gbọ́ ọ mọ́, ìgbà yẹn gan-an ló pọ̀ jù. Òun ló sọ òrùka àti abọ́ di dúdú. Ká ní o ṣá ìṣáná yẹn ni, wọn ì bá máa ṣa wá láti orí òrùlé."

Ó nu ẹnu rẹ̀. "Onígi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Kò mọ nǹkan kan. Dìde. Ẹni tó mọ̀ wà lókè ọ̀hún."

*

A bá Ẹnjiníà nínú ọgbà, òun àti obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́wù funfun.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," mo bi obìnrin náà, "kí lẹ rí lónìí?"

"Ó dára púpọ̀. Wọn ò ní gáàsì àjẹṣẹ́kù rárá, wọn ò sun ohunkóhun."

"Ẹ́ńjìnnì mélòó ni wọ́n fi ń lo gáàsì?"

"Méjì."

"Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Mélòó ni ẹ gbọ́?"

Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ń dún. Obìnrin náà yíjú sí Ẹnjiníà.

"Ìkejì ń sinmi ni," ọkùnrin náà ní.

"Pàǹtí inú àgbá ò sinmi," mo ní. "Ó ń jẹrà lọ. Gáàsì tí ẹ́ńjìnnì yẹn ì bá lò ti ń kún àgbá. Ẹ ò sun ún, ẹ ò lò ó, àgbá ò sì bẹ́. Níbo ló gbà lọ, Ẹnjiníà?"

Ó fi áńkáṣífù nu ọrùn. Sájẹ́ǹtì kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó ti gba ẹ̀yìn àgbá lọ. Ó pariwo pè wá. Níbi tí ẹnu gọ́tà àtijọ́ wà, wọ́n ti ki páìpù tuntun bọ inú rẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí etí rẹ̀, ìdè rẹ̀ ṣì ń kọ yẹ̀rì. Ilẹ̀ ibi tí a máa ń dọ̀bálẹ̀ sí nìyẹn.

"Wọ́n ní bí iná wa bá pọ̀ lórí páìpù, wọ́n á kọ ọ́ pé a ń ba ojú ọjọ́ jẹ́," Ẹnjiníà wí. Ohùn rẹ̀ kò dán mọ́. "Ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, ẹ̀yà ara rẹ̀ ò tíì dé. Mo rò pé inú odò ni gọ́tà yẹn jáde sí. Mo ní á kàn fẹ́ dànù sórí omi."

"Láìsun ún," olórí àwọn ẹlẹ́wù funfun wí wẹ́lẹ́. "Nígbà tí a wà níhìn-ín tí à ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan."

"Inú odò ló jáde sí lóòótọ́," mo ní. "Ṣùgbọ́n abẹ́ ilé Bàbá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbà."

"Kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fún mi! Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mi ò mọ̀ pé ó ní ẹnu níbẹ̀."

"Àwa ọmọ àdúgbò ò ní àwòrán. A kàn pariwo sínú ẹ̀ ni, ẹnì kan sì dá wa lóhùn." Mo sún mọ́ ọn. "Bàbá kú, ẹ gbọ́ pé ó kú. Ẹ gbọ́ pé òórùn ni. Lónìí, ẹ tún ṣí i. Kí lẹ pe ìyẹn?"

Èéfín nìwà, rírú ní í rú. Sájẹ́ǹtì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Obìnrin ẹlẹ́wù funfun náà fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ kí wọ́n ti páìpù náà pa, kí wọ́n sì tan iná òkè padà. Ó jó bùlà, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò ó.

*

Wọ́n dá Onígi sílẹ̀ ní ọ̀sán. Sájẹ́ǹtì bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Onígi ní, "Dìde jàre, ikùn rẹ ò ní jẹ́ kó o lè dìde mọ́."

Èmi ni mo bá a rìn wálé. Ó ń tọ́ka síbi tí nǹkan wà tẹ́lẹ̀, èmi náà ń tọ́ka, a ń fi ohun tí kò sí mọ́ kí ara wa. Nígbà tí a dé iwájú ilé búrẹ́dì, ó dúró, kò lè wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀. Onígi fà á dìde, ó wọlé, ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá.

"Ìyẹ̀fun dà?"

"Bàbá Kékeré, ẹ ò ṣe búrẹ́dì rí."

"Mo ti ń wò wọ́n láti kékeré. Gbé e wá."

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti dí ẹnu gọ́tà pa. Ọmọbìnrin náà yí gáàsì, ó ṣáná sí i. Iná àárò tàn, ó rọra jó, kò rú èéfín. Onígi wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kò ṣépè.

Búrẹ́dì tó jáde wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì le. Àwa mẹ́ta dúró ti tábìlì, a ń fọwọ́ já a, a ń jẹ. Kò sẹ́ni tó sọ pé kò dùn. A jẹ ẹ́ tán.